Ohun tí ń Ṣẹlẹ̀ sí Irin Láàárín Iná àti Omi

Ẹ wo àdá méjì tí alágbẹ̀dẹ kan fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo rọ. Ẹwìrì kan náà ni ó fẹ́ iná sí wọn, orí owú kan náà ni a ti lù wọ́n, omi kan náà ni a sì rì wọ́n bọ̀. Àgbẹ̀ méjì rà wọ́n lọ sí oko ní àkókò ìgbẹ́ ṣíṣán. Kí ọjọ́ kejì tó pé, ojú àdá ti àgbẹ̀ kìíní ti ká kò bí etí ewé tí oòrùn pa, bí ó sì ti wù kí ó pọ́n ọn tó, kò mú. Ti àgbẹ̀ kejì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan kùkùté igi, ó dá sí méjì bí ìkòkò amọ̀, ègé rẹ̀ sì fò kọjá lẹ́bàá ojúgun ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Díẹ̀ ni ó kù kí ọ̀ràn náà di ti ilé ìwòsàn.

Bí irú ẹjọ́ báyìí bá dé iwájú àwọn àgbà, ẹnìkan a wí pé alágbẹ̀dẹ rẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ, ẹlòmíràn a ní Ògún ni ó ń bínú. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé olóòótọ́ ènìyàn ni alágbẹ̀dẹ náà, irin tí ó lò sì dára. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ wà nínú bí irin náà ti gbóná tó kí ó tó wọ inú omi, àti nínú ohun tí a ṣe sí i lẹ́yìn tí omi dákẹ́ híhó. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti fi ojú àti ọwọ́ mọ ọ̀ràn yìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Láti mọ ìdí rẹ̀ dájú gba àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní àádọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọ̀ràn náà lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní ipò. Omi lè máa ṣàn, ó lè dì di yìnyín, ó sì lè di oru tí ń ti ẹnu ìkòkò jáde. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàtọ̀ wọn ni bí àwọn átọ́ọ̀mù inú wọn, èyíinì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú kò lè rí, ti ṣe tò. Nǹkan lè wà ní ipò méjì pọ̀ nínú ohun èlò kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ẹni tí ó bá ṣí agbè epo pupa yóò rí i pé òkè rẹ̀ mọ́ kedere ó sì ń ṣàn, nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dì, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá. Epo náà kò bàjẹ́. Oríṣiríṣi ọ̀rá ni ó para pọ̀ di epo pupa, àwọn kan nínú wọn a sì máa dì nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń ṣàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé irin lè pa ipò dà láìyọ́ rárá. Kí irin tó yọ́, ooru rẹ̀ ní láti dé ìwọ̀n 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius, orí èyí tí omi ti ń hó ní ìwọ̀n 100. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 912, nígbà tí irin ṣì le gbagidi, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ a tú ètò wọn ká, wọn a sì tún ara wọn tò lọ́nà mìíràn. Ó dàbí ìgbà tí ọlọ́sàn kan bá tú òkìtì ọsàn rẹ̀, tí ó sì tún un tò ní ọ̀nà mìíràn lórí tábìlì kan náà: ọsàn kò dín, kò lé, ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà láàárín wọn ti yàtọ̀.

Àlàfo wọ̀nyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lé lórí, nítorí pé irin tí a fi ń rọ àdá kì í ṣe irin lásán. Èédú díẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní káábọ́nù. Nínú ètò ti ooru ńlá, àlàfo kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí irin lè gba ìdá 2 èédú nínú 100 sára. Nínú ètò ti irin tútù, kò lè gbà ju ìdá 0.02 nínú 100 lọ. Nítorí náà, bí irin pípọ́n bá ti ń tutù, èédú tí ó ti rí ibùgbé nínú rẹ̀ di àlejò tí a kò ní yàrá fún mọ́. Ó di dandan kí ó jáde lọ síbì kan.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fura sí ìyípadà yìí fi ojú lásán rí àmì rẹ̀. Ní ọdún 1873, William Barrett ṣe àpèjúwe wáyà irin tí a mú pọ́n, tí a sì jẹ́ kí ó máa tutù nínú òkùnkùn. Pípọ́n rẹ̀ ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n lójijì wáyà náà tún tàn yòò bí ẹni pé a fẹ́ ẹwìrì sí i, kí ó tó wá kú pátápátá. Kò sí ẹni tí ó fún un ní iná. Ooru tí àwọn átọ́ọ̀mù tú jáde nígbà tí wọ́n ń tún ara wọn tò ni ó tàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ó bá ní sùúrù láti wo irin pípọ́n nínú àgbẹ̀dẹ tí ó ṣókùnkùn lè rí i fúnra rẹ̀ títí di òní.

Láti inú irú àkíyèsí báyìí ni a ti ya àwòrán ipò. Ohun tí wọ́n ṣe kò le láti lóye. Wọ́n mú irin tí ìwọ̀n èédú inú rẹ̀ dájú, wọ́n mú un gbóná, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n ooru rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń tutù. Níbi tí ooru bá ti dúró díẹ̀ kí ó tó máa lọ sílẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ipò titun ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi àmì sí ibẹ̀ lórí ìwé. Wọ́n tún mú irin mìíràn tí èédú rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá so gbogbo àmì wọ̀nyí pọ̀, ìwé náà a dàbí máàpù ilẹ̀ tí a pààlà sí. Ìwọ̀n èédú ni a ń kà láti òsì lọ sí ọ̀tún, ìwọ̀n ooru ni a ń kà láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ sì jẹ́ ti ipò kan tàbí ti ipò méjì tí ń gbé pọ̀.

William Roberts-Austen, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ owó ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde fún irin àti èédú ní ọdún 1897. Ní ọdún 1900, Bakhuis Roozeboom ti ìlú Amsterdam tún àwọn ààlà rẹ̀ ṣe. Òfin tí ó fi tún un ṣe ti wà nínú ìwé kan tí Josiah Willard Gibbs, olùkọ́ ní Yale ní Amẹ́ríkà, ti kọ ní ogún ọdún ó lé díẹ̀ ṣáájú, láàárín 1876 àti 1878. Gibbs kò rọ irin rí. Ìṣirò ni ó fi mọ̀ pé iye ipò tí ó lè gbé pọ̀ nínú àdàlù kan ní ìwọ̀n, kò lè kọjá rẹ̀.

Lórí máàpù yìí, ìlà kan wà tí ó yẹ kí gbogbo alágbẹ̀dẹ mọ̀, ìlà ìwọ̀n 727. Lábẹ́ rẹ̀, ipò ti irin pípọ́n kò ní ìpínlẹ̀ kankan mọ́. Gbogbo èédú tí ó pọ̀ jù ní láti ti inú irin jáde. Bí ó bá rí àyè tutù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èédú náà a bá díẹ̀ nínú irin ṣe àdàpọ̀ tí ó le púpọ̀, wọn a sì tò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irin rírọ̀ kan, àdàpọ̀ líle kan, irin rírọ̀, àdàpọ̀ líle, bí ẹni to ẹní léra. Henry Sorby ti ìlú Sheffield, ìlú tí a mọ̀ fún ọ̀bẹ rírọ, ni ó kọ́kọ́ fi awò amúǹkan-tóbi wo ojú irin tí a dán ní ọdún 1863 àti 1864, tí ó sì wá rí àwọn ìpele wọ̀nyí lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń dán bí inú ìkarahun odò. Irin tí ó bá wà báyìí kì í ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò le tó láti di ojú àdá.

Ibi tí máàpù náà dé nìyẹn. Ó sọ ibi tí irin yóò gbé bí a bá fún un ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí yóò dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí omi alágbẹ̀dẹ ń ṣe ní láti mọ bí ipò titun ti í bẹ̀rẹ̀.

Kì í bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Láti inú irúgbìn ni ó ti í hù, èyíinì ni àwọn átọ́ọ̀mù mélòó kan tí wọ́n kọ́kọ́ tò lọ́nà titun ní àárín àwọn tí ó ṣì wà lọ́nà àtijọ́. Irúgbìn yìí kì í sì rọrùn láti fìdí múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin ẹlẹ́kọ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀kọ inú ewé ni ó ń mú èrè wá fún un. Ewé tí ó fi pọ́n ọn ni ináwó rẹ̀. Bí ó bá pọ́n ẹ̀kọ ńlá, ewé tí yóò lò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń pọ́n ẹ̀kọ tí kò ju èkùrọ́ lọ, ewé yóò jẹ èrè rẹ̀ tán, gbèsè ni yóò sì bá dé ilé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irúgbìn ipò titun. Inú rẹ̀ ń jèrè, nítorí pé ipò titun ni ó tọ́ sí i lórí máàpù. Ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀, níbi tí ètò méjì tí kò bára mu ti pààlà, ń náni lówó. Irúgbìn tí ó bá kéré jù a jẹ gbèsè, a sì tú ká. Èyí tí ó bá ṣèèṣì tóbi kọjá ìwọ̀n kan ni ó ń là, láti ìgbà náà lọ kò sì sí ohun tí ń dá a dúró.

Nítorí èyí ni omi ṣe lè tutù kọjá ìwọ̀n òdo tí yóò sì kọ̀ láti dì. Daniel Fahrenheit, ọ̀gbẹ́ni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ooru kan, tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1724 pé òun rí omi tí ó tutù ju yìnyín lọ tí ó sì ṣì ń ṣàn. Àwọn ẹ̀kán omi tí ó mọ́ gaara lè tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 38 lábẹ́ òdo kí wọ́n tó dì. Omi tí eruku wà nínú rẹ̀ kì í lè dúró bẹ́ẹ̀, nítorí pé eruku dàbí àwo fún ẹlẹ́kọ: ẹni tí ó bá bu ẹ̀kọ sínú àwo, orí rẹ̀ nìkan ni yóò fi ewé bò. Yìnyín tí ń bọ́ lu òrùlé páànù nígbà àkọ́rọ̀ òjò ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú ti kọ́kọ́ jẹ́ irúgbìn kékeré lókè ọ̀run.

Àwọn obìnrin tí ń ṣe òrí mọ apá kejì ọ̀ràn yìí dáadáa. Òrí tí a yọ́ tí a sì fi sílẹ̀ kí ó máa tutù fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ a máa ní hóró nínú bí iyanrìn, nítorí pé irúgbìn inú rẹ̀ kò pọ̀, èyí tí ó sì wà ní àyè láti dàgbà. Èyí tí a ń rò tí ó sì tètè tutù a máa jọ̀lọ̀. Irúgbìn rẹ̀ pọ̀ yanturu, kò sì sí èyí tí ó ráyè tóbi.

Padà sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Nínú irin pípọ́n, ibi tí hóró irin kan ti bá èkejì pààlà ni irúgbìn ti kọ́kọ́ ń hù, bí koríko ti í kọ́kọ́ bo ààlà oko. Ìwọ̀n ooru ni ó sì ń sọ bí yóò ti yá tó. Lẹ́bàá ìwọ̀n 700, ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, èrè inú irúgbìn kò tó nǹkan, ó sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí èyíkéyìí tó là. Ní ìwọ̀n kékeré gan-an, èrè pọ̀, ṣùgbọ́n òtútù ti mú àwọn átọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀, èédú kò sì lè rìn lọ síbi tí a ti ń retí rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní nǹkan bí ìwọ̀n 550, èrè wà, agbára ìrìn náà sì wà. Níbẹ̀, nínú irin tí ó ní ìdá 0.8 èédú nínú 100, iṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó ka oókan dé eéjì. Edgar Bain àti Edmund Davenport, àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n tẹ àwòrán tí ó fi àkókò kún ọ̀ràn náà jáde ní ọdún 1930.

Ohun tí omi ń ṣe ni pé ó ń sáré mú irin kọjá ibi eléwu náà kí irúgbìn kan tó là. Bí ó bá kọjá, èédú ti há sínú ilé. Nígbà tí irin bá wá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 220, kò lè farada ètò àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí àkókò fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan láti rìn. Wọn a yẹ̀ gẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ogun tí a pàṣẹ fún, tàwọn ti èédú tí ó há sí wọn láàárín. Ìpajú kò yá tó o. Ipò yìí kò sí lórí máàpù Roberts-Austen rárá. Àwọn onímọ̀ fi orúkọ Adolf Martens, ará Jámánì, pè é. Ìhámọ́ èédú náà ni kì í jẹ́ kí àwọn ìpele irin yọ̀ lórí ara wọn, ìdí nìyí tí ó fi le tó bẹ́ẹ̀ tí fáìlì kò ràn án, tí ó sì fi ń fọ́ bí ìgò.

Ọ̀ràn àdá méjì náà wá hàn gbangba. Ti àgbẹ̀ kìíní kò gbóná kọjá ìlà nígbà tí ó wọ omi. Ó pọ́n, lóòótọ́, ṣùgbọ́n pípọ́n tí ó ṣú ni, irin náà kò tíì pa ipò dà, omi kò sì rí ohun tí yóò há mọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ń kánjú a máa bèèrè pé, “Baba, ṣé kí n rì í bọ̀ ọ́?” ọ̀gá a sì dáhùn pé, “Fẹ́ ẹwìrì, ọmọ mi.” Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n láìgbójú lé àwọ̀ nìkan: irin tí ó ti kọjá ìlà kì í fa óòfà mọ́. Ẹni tí ó bá yọ óòfà láti inú ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí ó ti bàjẹ́, tí ó so ó mọ́ wáyà, tí ó sì fi kan irin pípọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò mọ ìgbà tí ó dẹ́kun fífà. Kí ó fẹ́ iná díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà náà, kí ó tó rì í bọ̀.

Ti àgbẹ̀ kejì dé ibi tí ó yẹ, omi sì há a dáadáa, ṣùgbọ́n a kò dá a padà sínú iná. Irin tí ó ti inú omi jáde gbọ́dọ̀ tún gbóná díẹ̀, kí díẹ̀ nínú èédú tí ó há lè jáde di irúgbìn tín-ín-tìn-ìn nínú rẹ̀. Líle rẹ̀ a dín díẹ̀, fífọ́ rẹ̀ a dín púpọ̀. Bí a bá fi òkúta họ ojú rẹ̀ kí ó mọ́, àwọ̀ ni yóò sọ ìwọ̀n ooru: ní nǹkan bí ìwọ̀n 230 a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà a dúdú bí igi, a di àwọ̀ elésè àlùkò, ní nǹkan bí ìwọ̀n 300 a sì di aró. Ọ̀bẹ tí a fi ń fá irun lè dúró ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Àdá tí yóò bá kùkùté pàdé kò gbọ́dọ̀ dín sí aró. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú iná tí ó pọ́n, a pàdánù gbogbo iṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa sípíríǹgì fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é a máa fi oríṣi irin mìíràn, bíi manganísì, sínú rẹ̀, èyí tí ń fa ìdàgbà irúgbìn sẹ́yìn. Kò nílò eré omi. Òróró tí ń mú ooru jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó fún un, omi a sì máa là á nígbà mìíràn nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ le kí inú rẹ̀ tó tutù. Ẹni tí yóò lo òróró gbọ́dọ̀ ṣe é ní ìta, nínú ohun èlò irin, kí ó sì ní ìdérí nítòsí, nítorí pé òróró a máa gbiná. Ní ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí èédú rẹ̀ kò tó nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rọ ojú àdá. Kò sí omi tàbí òróró tí ó lè mú un le, nítorí pé kò sí èédú tí yóò há.

Àgbẹ̀ kìíní lè dá àdá rẹ̀ padà fún alágbẹ̀dẹ ní ọjọ́ náà gan-an. Iná tí ó kọjá ìlà yóò pa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, a ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ti àgbẹ̀ kejì, kí a mú àwọn ègé náà pọ́n, kí a rì wọ́n sínú eérú gbígbóná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí wọ́n lè tutù díẹ̀díẹ̀ kí èédú sì rí àyè jáde. A ó lè lù wọ́n ní òwúrọ̀. Ọ̀bẹ méjì yóò ti inú wọn jáde.